Omi Àlejò

Màmá ní ká má tà á fún àwọn tó ń ra irin ní kílò-kílò.
Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló ń sọ,
èyí tí a tú sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò l'Átakẹ́,
tí agbọ́n ti fi ẹrẹ̀ mọlé sí ihò bùjí rẹ̀.
(Bùjí là ń pè é l'Ájàṣẹ́ níbí.
Ará Èkó tó bá dé á ní púlọ́ọ̀gì. Kò burú.)

Mùsé Láwànì ló ra ọkọ̀ náà nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú:
Álípìnì, aláwọ̀ aró, ó kéré bí bàtà,
ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ń wo awakọ̀ lójú kòrókòró.
Ara rẹ̀ kì í ṣe irin. Fi ìka kàn án,
á dún bí igbá gbígbẹ.
Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kì í ṣe iwájú.
Ó pọ̀n ọ́n ni.

Ogún ọdún ó lé ló ti dúró láti ọjọ́ ìsìnkú.
Pístìn ti lẹ̀ mọ́ inú ilé rẹ̀.
Ọ̀gá mi Múfútáù da epo sí i, ó dúró, ó tún da epo,
ó fi igi kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jí aláìsàn.
Nígbà tó yá ó nu ọwọ́. Ó ní, "Ó ti lọ."
Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni.

A wá òmíràn dé Kútọnu.
Láàárín òkìtì irin tó gba orí òkun dé
la ti rí ti Kàrínà kan,
òórùn ìlú onílùú ṣì wà lára rẹ̀.
Tírísíkù ló gbé e wọ Àjàṣẹ́,
ó ń kérora lórí afárá ọ̀sà.

Ihò bóòtù márùn-ún: méjì péré ló bára mu.
Ganíù tó ń gé irin gé pẹpẹ kan sáàárín wọn.
Àkọ́kọ́ ṣẹ́. Èkejì, iná lọ nígbà tó kù díẹ̀,
a jókòó sínú òkùnkùn, a ń jẹ ẹ̀pà.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
Ibi tí mo bá tàn kọ́ ni ọ̀gá ń wò.
"Ṣé orí mi lo fẹ́ tún ṣe ni?"

Àwọn tó ń ta epo ìgò ní kọ́nà dá sí i.
Ọ̀kan ní, ẹni tí a pààrọ̀ ọkàn rẹ̀, ṣé òun náà ni?
Èkejì ní, ilé baba rẹ tí o ti ṣí páànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
kí lò ń pè é?
Ẹ̀kẹta ní, iye ìgò tó máa mu ni tòun.

Ó wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Bí a ti gbé e jókòó,
ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè,
bí ìyá tí ọmọ ọdún mẹ́ta kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀.
Ọ̀gá wò ó títí.
"Pọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, ìgò epo méjì.
Ó wúkọ́. Ó dákẹ́. Ó wúkọ́.
Ó wá gbà, ṣùgbọ́n ohùn yẹn...
Láyé Mùsé, ohùn ọkọ̀ yìí máa ń dún bí aṣọ tuntun tí wọ́n ń ya;
Màmá á ti gbọ́ ọ láti ìta mọ́sáláṣí,
á ti ṣí géètì kí ó tó yà wọlé.
Èyí ń kùn nísàlẹ̀ ọ̀fun
bí ẹni tí wọ́n júwe ilé fún tí kò dá a lójú.

Ojú Màmá kò ríran mọ́.
A wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, ó gbé orí sókè lórí ẹní:
"Ta nìyẹn?"
Kò sẹ́ni tó fèsì. Rédíétọ̀ ti ń hó,
èéfín funfun ń yọ lẹ́yìn wa.
Ó táràrà wá ọ̀pá rẹ̀, ó ṣí géètì fúnra rẹ̀,
ó tẹ́tí. Ó tẹ́tí, ó pẹ́.
"Mi ò mọ ohùn yìí," ó ní.
"Mutíátù, bomi fún àlejò."

Mutíátù gbé ife omi wá, ó kúnlẹ̀.
Ọ̀gá mi gbà á, kò mu.
Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀,
ó fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú,
ó ń dúró kí ó mí díẹ̀ ná.